Ìwé Ìwòran Tíṣà Philemon

Ìlà kan péré ló wà nínú ìwé Tíṣà Philemon lọ́jọ́ tó kú, ìlà kan yẹn náà ló sì gbé Judith, ọmọ àbúrò rẹ̀, sọ sí àhámọ́ ọlọ́pàá.

"2:25 – 5:20. Fíìmù. Àdúrà, 3:00 – 3:15. Máàkì 6."

Ìnspẹ́kítọ̀ Tẹjúmádé ti kà á tó ìgbà ogún. Ó kà á lórí tábìlì rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá Òkìtìpupa, ó kà á nínú ọkọ̀ tó gbé wọn wá sí Erinje, ó wá dúró sáàárín pálọ̀ olóògbé, ó tún ń kà á. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ rárá.

"Màdáámù, kí ló tún kù tí a ń wá?" Kọ́ńsítébù Dámiláre ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó ti fara ti ilẹ̀kùn. "Bàbá wà láàyè títí di aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Judith wọlé ní aago márùn-ún ààbọ̀, ó ní òun bá a nílẹ̀, ó ti kú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló wà láàárín! Ta ló tún fẹ́ wọlé níbẹ̀?"

"Dámiláre, o ti jẹun láàárọ̀ yìí?"

"Rárá, mà."

"Mo mọ̀. Ebi ló ń sọ̀rọ̀ yẹn."

Ṣùgbọ́n òun náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Dámiláre lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Dókítà rí àpá ọwọ́ lára apá olóògbé méjèèjì: ẹnì kan dì í mú, ó tì í, orí rẹ̀ sì lọ gba etí tábìlì. Wákàtí tó ṣẹlẹ̀ ni dókítà ò lè sọ. Ó ní ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ni. Ìwé yìí ló sọ wákàtí. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí Tẹjúmádé sùn. Láti ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, òkú kankan ò tíì ràn án lọ́wọ́ tó báyìí rí. Òun ló sì fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi mú Judith. Lọ́la, Ọjọ́bọ̀, wọn yóò gbé ọmọbìnrin náà lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ò gbé Erinje, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Nígbà tí Tíṣà Philemon fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ àgbà, kò rí nǹkan ṣe mọ́ ju kó jókòó ti tẹlifísọ̀n lọ. Lọ́jọ́ kan ó bi ara rẹ̀ pé wákàtí mélòó ni àpótí yìí ń jẹ nínú ayé òun. Kò mọ̀ ọ́n. Inú bí i pé òun ò mọ̀ ọ́n. Ló bá ra ìwé ẹsasáìsì. Láti ọjọ́ náà, fún ọdún mọ́kànlá gbáko, bó bá tan tẹlifísọ̀n, á kọ àsìkò. Bó bá pa á, á kọ àsìkò. Ohun tó wò, ẹni tó bá a wò ó, àti máàkì tó fún un nínú mẹ́wàá. Ìròyìn kì í gbà ju mẹ́rin lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó dùn bí oyin kì í kọjá mẹ́jọ. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, á bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun. Àwọn ará àdúgbò máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Tíṣà ti ń ṣe ìdánwò fún tẹlifísọ̀n. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ Ajé, ló kú. Ìdí nìyẹn tí ìlà ẹyọ kan fi wà nínú ìwé tuntun náà.

"Ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí Judith sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà dà?" Tẹjúmádé béèrè.

"Prosper ni. Ó wà lẹ́yìn ògiri yìí, ó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe."

"Jẹ́ ká lọ bá a."

* * *

Prosper jókòó sáàárín àwọn jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ti tú, epo dúdú dé ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì. Bó ṣe rí àwọn ọlọ́pàá, ojú rẹ̀ kò dúró sójú kan mọ́.

"Ẹ káàsán, ọ̀gá wa."

"Káàsán. Kí ni Judith sọ fún Bàbá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé?"

"Mo ti sọ ọ́ fún kọ́ńsítébù. Ó ní, 'Bàbá, tẹlifísọ̀n yìí ló máa pa yín!' Ó pariwo. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́."

Tẹjúmádé na sípánà kan sí i. "Ta ló ni èyí?"

Prosper wò ó. "Tèmi ni."

"Kí ló ń wá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkú?"

"Háà! Ọ̀gá, ẹ má kó mi sí wàhálà o! Èmi ni mo tún jẹnẹrétọ̀ Bàbá ṣe lọ́jọ́ náà. Aago méjì ààbọ̀ ò tíì lù nígbà tó gbaná. Bàbá tan tẹlifísọ̀n, ó wo aago, ó mú bírò, ó kọ àsìkò sílẹ̀ lójú mi. Mo gbàgbé sípánà síbẹ̀, mo padà síbí."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mò ń retí agogo ṣọ́ọ̀ṣì kí n lè jẹun. Aago mẹ́ta ni wọ́n máa ń lù ú, òun náà ni aago tèmi. Ọjọ́ yẹn ló wá pẹ́. Ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu mí pa. Nígbà tó dún, mo jẹ gààrí mi, mo gun ọ̀kadà lọ sí Òkìtìpupa lọ ra plọ́ọ̀gì. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé."

"Nígbà tí agogo dún, kí lo gbọ́ láti ilé Bàbá?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan." Ó họ orí. "Ó tilẹ̀ yà mí lẹ́nu."

"Kí ló ń yani lẹ́nu nínú kéèyàn má gbọ́ nǹkan?"

Prosper yíjú sí jẹnẹrétọ̀. "Ẹ bi Judith. Ọ̀rọ̀ ilé wọn ni. Mo ṣèlérí fún Bàbá pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Bàbá ti kú, Prosper."

"Ìlérí tí mo ṣe fún un ò kú."

Dámiláre ti ń fọwọ́ kan ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó so mọ́ ìbàdí. "Màdáámù, ẹ jẹ́ ká mú eléyìí náà. Ó mọ nǹkan!"

"Mo mọ̀ pé ó mọ nǹkan. Nǹkan tó mọ̀ náà wà nínú ilé tí a ti ń bọ̀. Tẹ̀ lé mi padà."

* * *

Pẹpẹ tí àwọn ìwé náà wà gba ògiri kan tán. Ọdún dé ọdún, oṣù dé oṣù, gbogbo wọn tò bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Tẹjúmádé tí kò ní tẹlifísọ̀n nílé, tó sì máa ń fi àwọn tó ń wò ó ṣẹ̀sín, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwòran ẹlòmíràn. Ó mú ọ̀kan láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Lójoojúmọ́ ni "Àdúrà, 3:00 – 3:15" wà níbẹ̀. Ó mú ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Kò yí padà. Ó mú ti oṣù kìíní ọdún yìí. Ó wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ó ṣí ti oṣù kejì. Ojú rẹ̀ là.

"Dámiláre, sún mọ́bí. Ka ti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún sí mi létí."

"'1:50 – 4:30. Fíìmù. 3:00, ohùn 38. 3:15, ohùn 12. Máàkì 3.'"

"Ọjọ́ kẹrìndínlógún ńkọ́?"

"'3:00, ohùn 38. 3:15, ohùn 12.' Bákan náà ni. Màdáámù, kí ni ohùn 38?"

"Bó ṣe gbé ohùn tẹlifísọ̀n sókè tó. Méjìlá ló máa ń fi wò ó. Tí aago mẹ́ta bá lù, á gbé e dé méjìdínlógójì, á sì fi síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún." Ó ń ṣí ewé lọ, ó ń ṣí i lọ, títí dé ìparí oṣù kẹjọ. "Àdúrà dà? Wá a fún mi. Láti àárín oṣù kejì, kò sí àdúrà kan ṣoṣo."

Dámiláre gbójú sókè. Kàlẹ́ńdà ìsìnkú kan wà lókè tẹlifísọ̀n, àwòrán ìyàwó Tíṣà nínú aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyáàfin Juliet. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ó sùn nínú Olúwa.

Bí Tẹjúmádé ṣe ń dá àwọn ìwé padà ló tún rí nǹkan míì. Àlàfo kan wà lórí pẹpẹ, láàárín oṣù kejì àti oṣù kẹrin ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹnì kan ti mú ìwé oṣù kẹta lọ.

* * *

Ọjọ́ méjì ti sọ Judith di ẹlòmíràn. Ó wọlé pẹ̀lú ojú wíwú, kò sì wo ẹnikẹ́ni.

"Judith, kí ni Bàbá máa ń ṣe ní aago mẹ́ta?"

Ọmọbìnrin náà ṣíjú wo ilẹ̀kùn. "Ó máa ń gbàdúrà."

"Mo ti ka àwọn ìwé náà. Má parọ́ fún mi mọ́. Ọ̀la ni ilé ẹjọ́."

Judith bú sẹ́kún. Tẹjúmádé kò sọ pé kó dákẹ́, ó jókòó tì í títí tó fi tán.

"Nígbà tí ara Màmá ò yá," Judith ní, "Bàbá ní òun ò ní pa àdúrà aago mẹ́ta jẹ lọ́jọ́ náà, pé nítorí Màmá gan-an lòun fi ń lọ. Ilé ló máa ń gbà á tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wà níbi tí mo ti ń yan gààrí. Kí ó tó dé, Màmá ti lọ. Òun nìkan ló wà nílé, kò sẹ́ni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá ò fẹ́ gbọ́ agogo yẹn sétí mọ́. Tó bá ti kù díẹ̀ kó dún, á ti fèrèsé, á gbé ohùn tẹlifísọ̀n sókè. Ìgbà tí Prosper wá bá a nítorí ariwo ló mọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló ń wọ aṣọ funfun lọ báyìí, kí àwọn ará má baà fura. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má sọ fún wọn. Ìtìjú yẹn ni kò fẹ́."

"Nítorí ẹ̀ lo ṣe pariwo mọ́ ọn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé?"

"Mo ní kó jáde síta kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ gbẹ̀yìn sí i nìyẹn, mà. Èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn nìyẹn."

Tẹjúmádé gbé ìwé tuntun síwájú rẹ̀. Judith ka ìlà ẹyọ kan náà, ó sì mi orí.

"Ó jọ ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló kọ ọ́. 2:25 yẹn nìkan ni tirẹ̀."

"Ìwé oṣù kẹta ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ńkọ́?"

"Kò sí lórí pẹpẹ? Òun ló fẹ́ gbé lọ sí kọ́ọ̀tù Òde-Ìrèlè lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní ẹjọ́ oko ọ̀pẹ kan wà níbẹ̀, pé ẹnì kan ti búra èké, pé inú òun ò dùn sí i ṣùgbọ́n òun ò lè dákẹ́. Kò dárúkọ onítọ̀hún fún mi." Ó ronú díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ò sọnù, mà. Bí ọdún bá parí, Bàbá máa ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé ńlá kan, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀ sí."

Nígbà tí wọ́n jáde, Dámiláre fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Màdáámù, ṣé Judith kò lè mọ̀ọ́mọ̀ kọ àdúrà síbẹ̀ kí a lè rò pé ẹlòmíràn ni?"

"5:20 ló so okùn mọ́ Judith lọ́rùn. Ṣé ìwọ á fọwọ́ ara rẹ kọ wákàtí tó máa gbé ọ lọ sẹ́wọ̀n? Ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ kí Tíṣà wà láàyè títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí pé ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ayé ló rí òun níbòmíràn." Ó ti ń tẹ fóònù. "Jẹ́ kí n pe akọ̀wé kọ́ọ̀tù Òde-Ìrèlè."

* * *

Tẹjúmádé bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tó wà ní òdìkejì títì sí ilé Tíṣà. Dámiláre ṣì ń bá okùn bàtà tirẹ̀ jà nígbà tí Alàgbà Lucas jáde sí wọn nínú aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán, agogo lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi àkísà nù ún.

"Àlàáfíà fún yín, ẹ̀yin ọmọ mi."

"Àlàáfíà, Bàbá. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ni mo bá wá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù."

"Ogójì ọdún! A jọ kọ́ṣẹ́ tíṣà, a jọ kọ́ ọmọ, a jọ wọ ìjọ yìí." Omi lé ròrò sójú rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀tàn. "Kí Ọlọ́run tẹ́ Philemon sí afẹ́fẹ́ rere."

Bọ́ọ̀dù kan wà lára ògiri, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ wákàtí àdúrà sí i. Ọwọ́ ìkọ̀wé tó dúró ṣánṣán, irú èyí tí wọ́n fi ẹgba kọ́ àwọn tíṣà àtijọ́. Tẹjúmádé wo 3:00 tó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Bàbá, kí ni Tíṣà máa ń ṣe ní aago mẹ́ta?"

"Àdúrà. Bí mo bá ti lu agogo níhìn-ín, yóò pa tẹlifísọ̀n rẹ̀ lọ́hùn-ún. Kò yẹ̀ ẹ́ láéláé."

"Ẹ fojú rí i?"

"Báwo ni n óò ṣe fojú rí i? Èmi ni mò ń darí àdúrà níbí lójoojúmọ́. Mo mọ ẹni tó ń jẹ́ Philemon."

"Títí di ọjọ́ Ajé tó kú?"

"Títí di ọjọ́ Ajé."

Tẹjúmádé ṣí ìwé oṣù kẹjọ, ó nà án sí i. Alàgbà Lucas fi dígí sójú, ó kà á. Ó ṣí ewé kan, ó ṣí òmíràn. "Ohùn 38? Kí lèyí? Àdúrà dà?"

"Ó ti ń lọ sí oṣù méje tí kò gbà á mọ́, Bàbá. Láti ọjọ́ tí Màmá kú. Judith mọ̀. Prosper mọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí ilé yẹn ní aago mẹ́ta gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹni tí kò lè mọ̀ ni ẹni tó jẹ́ pé ibí ló máa ń wà ní aago mẹ́ta, láàárín agogo àti ariwo àdúrà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló kọ àdúrà sínú ìwé Tíṣà lọ́jọ́ tó kú. Ta ló lu agogo lọ́jọ́ Ajé?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé tó fi pẹ́?"

Àkísà ọwọ́ Alàgbà kò nu nǹkan kan mọ́.

"Ẹ búra ní Òde-Ìrèlè pé lọ́jọ́ kejìlá oṣù kẹta, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ wà ní Akotogbo láti ọ̀sán dé ìrọ̀lẹ́, pé níbẹ̀ ni olóògbé Benedict ti fi oko ọ̀pẹ rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an, Tíṣà kọ ọ́ pé ẹ̀yin àti òun jọ wo bọ́ọ̀lù."

"Irọ́ ni! Kò síbi tó kọ ọ́ sí. Ìwé oṣù yẹn ti di eérú!"

Dámiláre tó ti bọ́ bàtà ẹyọ kan dúró bẹ́ẹ̀.

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìwé kankan sọnù, Bàbá." Tẹjúmádé fa ìwé ńlá jáde láti inú báàgì. "Tíṣà máa ń da gbogbo rẹ̀ kọ ní ìparí ọdún. Ẹ wò ó. 'Ọjọ́ kejìlá. Bọ́ọ̀lù. Èmi àti Lucas, 2:00 – 6:10. Máàkì 8.'"

Alàgbà Lucas jókòó sórí bẹ́ǹṣì, agogo sì wà ní itan rẹ̀.

"Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi àgbàlagbà. Ó ní kí n lọ fẹnu ara mi sọ òótọ́ fún kọ́ọ̀tù kó tó di ọjọ́ Ẹtì, pé tí mi ò bá sọ ọ́, ìwé òun á sọ ọ́. Inú bí mi. Mo dì í lápá mú, mo mì í. Mo tì í… Mi ò fẹ́ kó kú! Ọlọ́run rí mi."

"Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ti Judith mọ́lé."

Ìwé oṣù kẹjọ ni Alàgbà tún ń wò, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà. Lẹ́yìn náà, ó gbójú sókè.

"Oṣù méje, kò sọ fún mi. Ṣé agogo tèmi ni kò fẹ́ gbọ́?"

"Agogo yín ni, Bàbá," Tẹjúmádé dáhùn. Kò rí ọ̀nà tó lè fi dẹ̀ ẹ́.

* * *

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, wákàtí tó yẹ kí Judith wà níwájú adájọ́, Tẹjúmádé gbé e padà sílé. Ó fẹ́ sọ pé kó dárí ji òun. "Èmi ni mo fọwọ́ sí i, Judith," ló rí sọ. Judith di ọwọ́ rẹ̀ mú díẹ̀, ó fi í sílẹ̀, ó wọlé.

Prosper ti tan jẹnẹrétọ̀ kí wọ́n tó dé, ẹnikẹ́ni ò rán an.

Judith jókòó sórí àga Bàbá. Ó ń wo aago ara ògiri. Aago mẹ́ta lù. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ò dún, ẹni tó ń lù ú ti wà ní Òkìtìpupa. Judith mú rìmóòtù, ó gbé ohùn tẹlifísọ̀n sókè títí dé ibi tí Bàbá máa ń gbé e dé, ariwo náà sì gba gbogbo ilé kan. Ó jókòó sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, omi ń dà lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó ṣí ìwé ẹsasáìsì tuntun, ó mú bírò Bàbá.

"3:00, ohùn 38. Agogo kò dún. 3:15, ohùn 12."

Kò fún un ní máàkì.